Ọkọ̀ Tó Ń Nu Gíláàsì Nínú Oòrùn

Gbàù! Gbàù! Gbàù!

Òjò tó ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà kì í ṣe òjò kékeré. Ó ń lu páànù àwọn ilé iṣẹ́ Oregun gbàgà-gbàgà, síbẹ̀ ìró ìbọn là á kọjá.

"Yéè! Mo gbé o! Ẹ gbà mí o!"

Ìsípẹ́kítọ̀ Adérìnsọ́lá bẹ́ jáde nínú fáànù ọlọ́pàá. Kò wá agboòrùn, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Sájẹ́ńtì Bọ́dúndé ń sá tẹ̀ lé e, bàtà rẹ̀ ń ta omi sókè.

Ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ń kó fóònù sí ni àwọn ọlọ́ṣà ya wọ̀. Bàbá Sànní tó ń ṣọ́ géètì ibẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ti itan rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ àgbàrá.

"Bàbá, ẹ má sùn o! Ẹ máa wò mí!" Rìnsọ́lá já bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó fi di itan bàbá náà pinpin.

"Ọmọ mi, wọ́n ṣì wà nínú..." Bàbá Sànní ń kérora.

Wọ́n ṣì wà nínú lóòótọ́!

Fìììì! Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan fi ẹ̀yìn rìn jáde lójijì. Kò ní nọ́ńbà níwájú, kò ní lẹ́yìn. Ọkùnrin kan yọ orí àti àyà jáde lójú fèrèsé rẹ̀, ó na ìbọn sókè, ó ń rẹ́rìn-ín nínú òjò.

"Ẹ kí mi dáadáa! Èmi ni Àlàbá Àwátì! Àféèrí ń bẹ nídìí mi! Ẹ wá mi dalẹ́, ẹ ò ní rí mi!"

Tá-tá-tá-tá-tá!

Rìnsọ́lá àti Bọ́dúndé da àyà délẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Vùùùù! Ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ṣé Rìnsọ́lá ò rí ọkọ̀ náà dáadáa ni. Nínú òjò yẹn? Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú mélòó ló wà nílùú Èkó? Gbogbo wọn ló jọra, gbogbo wọn ni wáípà wọn sì ń nu gíláàsì lásìkò yẹn. Ta ni ìyẹn fẹ́ jọ lójú?

Ẹ ṣáà fi ọ̀rọ̀ wáípà yẹn sọ́kàn.

Wọ́n gbé Bàbá Sànní lọ sílé ìwòsàn. Rìnsọ́lá àti Bọ́dúndé bọ́ sójú títì. Kò pẹ́ ni ohùn Ọ̀gá DPO bú jáde nínú wọkí-tọkí.

"Gbogbo ẹ̀yin tó wà lójú ọ̀nà! Wọ́n ti yìnbọn fún arúgbó! Ẹ má bá wọn ṣàlàyé kankan! Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ọkọ̀ yẹn, ẹ dá a lu bí ajere!"

"A ti gbọ́, sà!"

Tinútinú ni Rìnsọ́lá fi dáhùn. Inú ń bí i burúkú. Ẹ̀jẹ̀ bàbá ọlọ́mọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni òjò dá.

Ẹ mọ òjò Ìkẹjà. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé, lẹ́yìn náà á dá wáí, bí ìgbà tí èèyàn ti ẹ̀rọ omi pa. Oòrùn yọ, oru bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara títì jáde. Gbogbo awakọ̀ pa wáípà wọn.

Krrr! "Wọ́n ti rí wọn l'Ágídìngbì! Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ló rí wọn!"

"Báwo ló ṣe mọ̀ pé àwọn ni?" Rìnsọ́lá béèrè.

"Ó ní wáípà wọn ò dúró! Oòrùn ń ràn, wọ́n ń nu gíláàsì gbígbẹ. Gíro, gíro, gíro! Ó ní ó ya òun lẹ́nu ni òun fi yọjú wo inú ọkọ̀, ni òun bá rí ìbọn!"

Bọ́dúndé bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọwọ́ ọkọ̀ sílẹ̀.

"Mádàámù, ẹ gbọ́ nǹkan! Ọlọ́ṣà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa wáípà! Ká sọ pé mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá kọ́ wọn!"

Rìnsọ́lá ò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú. Wáípà tí kì í dúró. Ó mọ ọkọ̀ kan báyìí. Inú ọkọ̀ náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Ọkọ̀ Dádì rẹ̀ ni!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ọjọ́ kan báyìí ni wáípà ọkọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní Ìfàkọ̀, níbi tí ilé Dádì wà, ó sì kọ̀, kò dúró mọ́. Dádì gbé e lọ bá Kàsúmù, rìwáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe l'Ágége. Kàsúmù ní súwíìṣì ni. Ó tú súwíìṣì, ó yọ ọ́ sọ́wọ́ báyìí, wáípà ṣì ń lọ! Ó ní á jẹ́ pé ríléè tó ń gbé iná fún un ló ti lẹ̀ pọ̀. Ó fi ìdí ṣúkúdíráfà kàn án, kò-kò-kò, wáípà dúró. Dádì dúpẹ́ títí. Kò tíì dé ẹnu géètì rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ra ríléè tòkúnbọ̀, òun náà tún lẹ̀ pọ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rọ tó ń fa epo kò rí iná gbà mọ́, ọkọ̀ kú sójú títì. Rìwáyà ẹ̀bá ọ̀nà kan ló wá so wáyà ẹ̀rọ epo mọ́ fíúsì wáípà.

"Dádì, ẹ ṣì máa fi èyí délé ná," ló wí.

Ẹ mọ "délé ná" tàwa ará Èkó! Dádì fi délé lọ́jọ́ náà. Ó fi délé lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ ló ń fi í délé títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Bó ṣe di pé bí èèyàn bá fẹ́ kí wáípà dúró, àfi kó fa fíúsì yọ nìyẹn. Bí fíúsì bá sì ti yọ báyìí, ẹ́ńjìnnì kú. Láolú, àbúrò Rìnsọ́lá, ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Bí Dádì bá ti yà wọ inú ọgbà nírọ̀lẹ́, á ké sí i látinú ọkọ̀:

"Láolú! Ilé la dé! Fa á yọ!"

Láolú á sáré wá, á ti orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Pàkà! Wáípà á dúró, ẹ́ńjìnnì á kú, gbogbo ọgbà á pa lọ́lọ́. Mọ́mì á wá ké sí gbogbo wọn pé kí wọ́n wá jẹun.

Láolú ló ni ọkọ̀ náà báyìí. Ó ní èrò ni òun ń fi í gbé, àwọn tó ń fi fóònù pe ọkọ̀. Rìnsọ́lá sì ti gbà á gbọ́.

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pe Láolú. Ó dún títí, kò gbé e. Ó tún un pè. Wọ́n ti pa fóònù náà!

"Mádàámù, ṣé kò sí o?" Bọ́dúndé ń wò ó. "Ojú yín yí padà."

"Kò sí nǹkan. Máa wà á lọ."

Irọ́ gbuu! Nǹkan wà. Gbogbo ọlọ́pàá tó wà ní Ìkẹjà àti Agége ló ń lé ọmọ ìyá rẹ̀ kiri láti dá a lu bí ajere, òun fúnra rẹ̀ sì ti dáhùn pé òun ti gbọ́.

Ní ìkóríta Ọ̀gbà, obìnrin kan bẹ́ sójú títì, ó ń ju apá.

"Ọlọ́pàá! Ọlọ́pàá! Abẹ́g, ẹ dúró! Wọ́n ti gba píọ̀-wọ́tà mi!"

Peace lorúkọ rẹ̀, omi inú ọ̀rá ló ń tà níbẹ̀. Bọ́dúndé fẹ́ kọjá. Rìnsọ́lá ní kó dúró.

"Odindi báàgì kan ni o!" Peace ń pariwo. "Ọkọ̀ tí wáípà rẹ̀ ń sáré yẹn!"

"Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ni?"

"Òùngbẹ wo? Wọ́n ń fi eyín já a, wọ́n ń dà á sórí gíláàsì! Wọ́n ní kó lè dà bíi pé àwọn ń fọ ọkọ̀ ni! Ṣé orí wọn ò dàrú? Wọ́n wá ń pè é ní Afeez, Afeez, èyí tó wà lẹ́yìn. Afeez bọ́ sílẹ̀, ó ṣẹ́ wáípà kan. Ó fẹ́ ṣẹ́ ìkejì, ó gbá a níka, ó wá ń jó lójú títì!"

"Ẹni tó ń wà á ńkọ́?" Ohùn Rìnsọ́lá ti lọ sílẹ̀.

Peace ò pariwo mọ́.

"Ìyẹn ṣe mí láàánú, Mà. Ọ̀gá wọn fi ìbọn sí i lọ́rùn. 'Pa wáípà yẹn! Pa á kí n tó pa ẹ́!' Òun wá ń sunkún, ó ń ní, 'Ọ̀gá, kò ṣeé pa.' Ọmọ tínrín kan báyìí. Ó ní àpá níbí." Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

Etí dáṣíbọ́ọ̀dù ló dá àpá yẹn sí Láolú lórí, lọ́jọ́ kan tó sáré jù láti fa fíúsì.

Rìnsọ́lá padà sínú fáànù. Láolú ò sọ ọ̀rọ̀ fíúsì fún wọn. Bó bá fà á yọ, ọkọ̀ á kú, Àlàbá á yìnbọn fún un. Bí kò bá fà á yọ, wáípà á máa júwe wọn fún gbogbo ayé títí ọlọ́pàá á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibi méjèèjì ni ikú wà!

Fóònù Bọ́dúndé dún. Ìfàkọ̀ ni òun náà ń gbé, ó wà nínú ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò lórí fóònù. Ó tẹ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ohùn Alàgbà Olúṣínà ni, alága àwọn onílé, èémí rẹ̀ ń já gìdìgìdì.

"Ẹ̀yin onílé! Ọkọ̀ tó ń nu gíláàsì nínú oòrùn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa o! Wọ́n ti kọjá Ìjàyè! Ẹ ti géètì! Ẹ ti gbogbo géètì!"

Gbì! Gàràgà! Gbì! Ẹ mọ bí géètì ṣe pọ̀ tó ní àwọn òpópónà wa. Nígbà tí Àlàbá Àwátì á fi wọ Ìfàkọ̀, gbogbo rẹ̀ ti di páńpẹ́ ẹlẹ́nu púpọ̀. Àféèrí rẹ̀ kúkú lè máa ṣiṣẹ́ o, èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo Àlàbá? Wáípà ni gbogbo ayé ń wò!

Krrr! "Gbogbo yín, ẹ yí Ìfàkọ̀ ká!" DPO ń bú ramúramù. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan jáde láàyè!"

Rìnsọ́lá wo wọkí-tọkí náà títí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ yìí, bó bá ti jáde, kò ní wọlé mọ́. Ó gbé e sẹ́nu.

"Sà, Adérìnsọ́lá ni. Àbúrò mi ló ń wa ọkọ̀ yẹn."

DPO ò jẹ́ kó sọ tán.

"Kí lo wí?"

"Ọmọ ìyá mi ni, sà. Ìbọn wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yìnbọn."

"O ti ya wèrè! Kúrò nídìí iṣẹ́ yìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Padà sí àgọ́!"

Rìnsọ́lá pa wọkí-tọkí náà.

Bọ́dúndé ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mádàámù. Iṣẹ́ yín ni wọ́n máa gbà o."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n tiẹ̀ lè tì yín mọ́lé."

"Bọ́dúndé, àwa méjì péré ni Mọ́mì bí. Kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ nílé?"

Bọ́dúndé wo iwájú, ó mí kanlẹ̀. Ó wá fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ iná.

"Ẹ di ìjókòó yín mú."

Vùùùùn!

Wọ́n bá ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà ní òpópónà kan tí géètì rẹ̀ ti wà ní títì gbọn-in. Ó ti sáré dé ẹnu géètì, ó ti yí padà, ó ń bọ̀. Bọ́dúndé gbé fáànù dábùú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn ti kúnlẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà lọ́tùn-ún lósì, ojú ìbọn wọn ti wà lójú kan. Àwọn onílé ń yọjú lórí ògiri, Alàgbà Olúṣínà wà láàrin wọn tòun ti sìngílẹ́ẹ̀tì.

Rìnsọ́lá bọ́ sílẹ̀. Ó fi ìbọn rẹ̀ lélẹ̀. Ó rìn lọ sí àárín títì, ó dúró.

"Mádàámù! Ẹ kúrò lójú ìbọn!"

Kò kúrò.

Ọkọ̀ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń kùn. Ẹrẹ̀ ti bo gíláàsì rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ wáípà kan. Ibi tí èyí tó kù ń nù nìkan ló mọ́. Gíro, gíro, gíro. Níbẹ̀ ni Rìnsọ́lá ti rí ojú àbúrò rẹ̀. Ojú náà ti wú fún ẹkún.

"Kí lò ń wò?" Ohùn Àlàbá ló gba fèrèsé jáde. "Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Gun obìnrin yẹn kọjá! Tẹ̀ ẹ́, àbí kí n tú ọpọlọ ẹ ká!"

Vùùn! Vùùùùùn!

Ọkọ̀ ta sókè, ó ń bọ̀!

Ẹ̀rù ba Rìnsọ́lá. Ẹni tó bá ní kò bà á, irọ́ ló pa. Ó fẹ́ sá. Àmọ́ bó bá fi lè sá báyìí, gbogbo ìbọn yẹn á sọ̀rọ̀, Láolú ló sì máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ó la ẹnu. Ohùn tó jáde, ohùn Dádì gan-an ni, bí Dádì ṣe ń sọ ọ́.

"Láolú! Ilé la dé! Fa á yọ!"

Ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ti dé tòsí ilé alágbàfọ̀ kan. Ó ti kọjá á.

"Láolú! Fa á yọ!"

Orí Láolú wọlẹ̀ lójijì, ó di àwátì lẹ́yìn gíláàsì.

Pàkà!

Wáípà dúró gbagidi láàárín gíláàsì. Ẹ́ńjìnnì kú.

Gbàù! Àlàbá yìnbọn. Ibi tí orí Láolú wà tẹ́lẹ̀ ni ọta gbà kọjá, ó fọ́ gíláàsì fèrèsé yángá. Láolú ò sí níbẹ̀, ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù!

Ọkọ̀ rọra ń yọ̀ bọ̀ nínú ẹrẹ̀, kò ní agbára mọ́. Ó wá kan orúnkún Rìnsọ́lá tìì. Ó dúró.

Àlàbá ń tẹ ìbọn, kẹ́, kẹ́. Ọta ti tán. Ó ju ìbọn nù, ó ṣílẹ̀kùn. Ó fọwọ́ kan ìgbàdí rẹ̀, ó wí nǹkan sábẹ́ eyín. Ẹ wá wo nǹkan! Ọkùnrin náà ò sáré. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nígbà tó gba àféèrí yẹn pé kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, kó ṣáà máa rọra rìn lọ, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ó gbé àyà sókè, ó ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ láàrin ọlọ́pàá, ó ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́.

Gbogbo èèyàn la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń wò ó.

"Bọ̀ọ̀dá," Alàgbà Olúṣínà pè é látorí ògiri, "níbo lẹ̀ ń lọ?"

Àlàbá dúró sójú kan. "Ẹ... ẹ ń rí mi?"

"Láti Oregun ni wọ́n ti ń rí yín bọ̀!"

Ká, ká! Bọ́dúndé ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ há ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Afeez ti gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn ọkọ̀, tòun ti ìka tó wú.

Àwọn ọlọ́pàá ya bo ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà. Ìdí ìbọn ti ròkè. Rìnsọ́lá sáré já wọn kọjá, ó fi ara rẹ̀ bo Láolú mọ́lẹ̀. Ìdí ìbọn kan sọ̀ lé e lẹ́yìn. Kò dìde.

"Mo ti mú un! Mo ti mú un! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Òun fúnra rẹ̀ ló há ọwọ́ ọmọ náà. Fíúsì ṣì wà láàrin ìka rẹ̀.

"Àǹtí mi," Láolú ń sunkún bí ọmọdé. "Mo fẹ́ fà á yọ láti Àgídìngbì. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀."

"Bàbá tí wọ́n yìnbọn fún yẹn, ṣó ti kú?"

"Kò kú. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbé wọn lọ síbẹ̀, wàá dáhùn fún un, Láolú. Mi ò lè bá ẹ gbé ìyẹn." Ẹkún bọ́ lójú òun náà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi gbé e sínú fáànù.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, DPO ò pariwo mọ́. Ó kàn na ọwọ́. Rìnsọ́lá kó ìbọn àti káàdì iṣẹ́ rẹ̀ lé e. DPO ní kó lọ jókòó sílé títí wọ́n fi máa ránṣẹ́ pè é. "Ẹ ṣé, sà," ló wí, ó jáde.

Bọ́dúndé wà níta, ó fẹ́ gbé ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà sí igun tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí. Ó ti dá fíúsì padà kí ẹ́ńjìnnì lè dá. Vùùn!

Gíro, gíro, gíro.

"Ha! Ó tún ti bẹ̀rẹ̀!" Bọ́dúndé ń tẹ súwíìṣì sókè sódò. Ọlọ́pàá kan gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Òmíràn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́dúndé yí kọ́kọ́rọ́ pa, wáípà ò dúró, ó tún dá ẹ́ńjìnnì padà. Wáípà kan ṣoṣo náà ń nu gíláàsì lọ ní tirẹ̀.

Láti ojú fèrèsé kékeré àtìmọ́lé tó wà lẹ́yìn káńtà, ohùn kan jáde.

"Àǹtí mi! Ẹ fà á yọ!"

Rìnsọ́lá ò tíì fà á yọ rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ Láolú ni. Ó ní kí Bọ́dúndé sún, ó ti orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń fọwọ́ tá nínú òkùnkùn títí ìka rẹ̀ fi kàn án.

Pàkà!

Wáípà dúró. Ẹ́ńjìnnì kú. Gbogbo ọgbà àgọ́ pa lọ́lọ́. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fíúsì lọ́wọ́, ó ń fetí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun.